Ṣàwá Dúró Níwájú Ilé Wa

Jímọ̀, 19 oṣù Keje

Mo dé etíkun lónìí. Láti Àgọ́-Ìwòyè mo wọkọ̀ dé Ìjẹ̀bú-Òde, mo tún wọ òmíràn dé Ìwopin. Òjò ò dá. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ilé-iṣẹ́ bébà tó ti dákẹ́ ni mo dúró sí tí mo ń retí ọkọ̀ ojú omi. Kò sí ẹni tó bá mi sọ̀rọ̀, gbogbo wọn ló ti gbọ́. Ọkùnrin tó bá mi gbé báàgì sínú ọkọ̀ kọ̀, kò gba owó lọ́wọ́ mi. Ìgbà yẹn ni mo tó gbà pé òótọ́ ni ohun tí wọ́n sọ fún mi lórí fóònù.

Ìgbì ló dojú ọkọ̀ Bashiru dé láàárọ̀ Àlàrùba. Àwọn àbúrò mi méjèèjì ló wà nínú rẹ̀, Bashiru àti Waris, àbíkẹ́yìn wa. Bashiru lúwẹ̀ẹ́ jáde. Waris ò jáde.

Ìyá wa jókòó sórí agbọ̀n ẹja kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, wọ́n kọjú sókun. Wọ́n ní, "Afeezat, o ti dé." Miriam, ìyàwó Waris, wà ní yàrá pẹ̀lú oyún rẹ̀ tó ti ga. Ẹ̀yìn ààrò tí a fi ń yan ẹja ni mo ti bá Bashiru, níbi tí Ìyá ò ti lè rí i. Ó ní láti ọjọ́ tó ti ṣẹlẹ̀, Ìyá ò bá òun sọ̀rọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ kí wọn, wọn ò dáhùn. Ó bú sẹ́kún lẹ́sẹ̀ wọn, wọ́n dìde kúrò níbẹ̀.

Sátidé, 20 oṣù Keje

Gbogbo ọkọ̀ àgọ́ wa lọ wá Waris. Wọ́n wọ́ ọkọ̀ Bashiru bọ̀ wálé, ó ti dà dé sórí yanrìn báyìí. Wọ́n rí àjẹ̀ kan, wọ́n rí gálọ́ọ̀nù epo. Wọn ò rí Waris, wọn ò sì rí àwọ̀n ńlá tí wọ́n fi ń kó ṣàwá. Bashiru ní àwọ̀n yẹn ni Waris ń tú nígbà tí ìgbì dé.

Miriam ò jẹun. Mo po ògì fún un, ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó sì dì í mú títí ó fi tutù.

Àtìní, 22 oṣù Keje

Bí mo ṣe kírun àsùbá tán ni mo gbọ́ òjò. Mo sáré jáde láti kó aṣọ wọlé. Kò sí òjò. Kùrukùru bo ojú òkun, ṣùgbọ́n aṣọ orí okùn gbẹ. Ìró òjò yẹn sì ń dún síbẹ̀, ojú kan ṣoṣo ló ti ń wá, níwájú ilé wa gan-an, níbi tí èèyàn lè ju òkúta dé.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ sí i ni mo rí i pé ṣàwá ni. Wọ́n pọ̀ débi pé omi tó wà lábẹ́ wọn dúdú, tí òkè rẹ̀ sì ń kọ mànà bíi páànù tuntun. Ẹnu wọn tó ń ta ojú omi ló ń dún bí òjò.

Àsìkò ṣàwá nìyí, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà jíjìn ni wọ́n máa ń gbà kọjá, ṣàwá kì í dúró. Òjìji ẹyẹ lásán, wọ́n ti sá lọ. Àwọn wọ̀nyí dúró sójú kan títí di ọ̀sán. Àwọn ẹyẹ òkun náà tò sórí yanrìn, wọ́n ń wò wọ́n. Kò sí ọ̀kan tó fò lọ mú ẹja.

Adéṣínà, aládùúgbò wa tó jẹ́ apẹja, jáde pẹ̀lú àwọ̀n léjìká. Ó dúró, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́. Ó gbé àwọ̀n rẹ̀ padà sílé.

Àtàláátà, 23 oṣù Keje

Wọ́n ṣì wà níbẹ̀.

Jímọ̀, 26 oṣù Keje

Alfa Àbdùlgàfár wá lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ ni wọ́n bá wa sọ. Wọ́n ní ẹ̀sìn gbà pé kí á kírun sí ẹni tó kú tí a ò bá rí òkú rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tí omi pa, ipò ńlá ló wà lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Bí a bá kírun náà, Miriam á lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe opó, ọkàn wa náà á sì lè sinmi díẹ̀.

Ìyá gbọ́ ọ tán. Wọ́n ní, "Alfa, ẹ má bínú sí mi. Ẹni tí mi ò rí, mi ò lè sin ín."

Alfa ò bá wọn jiyàn. Wọ́n dìde láti máa lọ, ojú wọn sì bọ́ sórí omi. Wọ́n bi mí pé láti ìgbà wo ni nǹkan yìí ti wà níbẹ̀. Mo sọ fún wọn. Ètè wọn ń mì, wọ́n ń ka nǹkan kan tí mi ò gbọ́. Etí omi ni wọ́n gbà wá, ẹ̀yìn ilé ni wọ́n gbà lọ.

Sọ́ńdè, 28 oṣù Keje

Mo fẹ́ kọ ohun tí mo rí lónìí bí mo ṣe rí i, mi ò fẹ́ bù mọ́ ọn.

Ìyá dìde lórí agbọ̀n wọn láàárọ̀, wọ́n ń rìn létí omi lọ sí ọ̀nà ibi tí oòrùn ti ń yọ. Mo tẹ̀lé wọn lẹ́yìn nítorí pé wọn ò tíì jẹun. Bí a ti ń lọ ni mo ṣàkíyèsí pé ìró òjò náà ò jìnnà sí wa. Mo wo omi. Ṣàwá ń bá Ìyá lọ. Wọ́n dúró nígbà tí Ìyá dúró láti mí. Ìyá padà sẹ́yìn, gbogbo wọn yí lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí èèyàn bá yí ọ̀bẹ lójú oòrùn, wọ́n sì tẹ̀lé Ìyá bọ̀.

Mo sọ fún ara mi pé omi ló ń ṣàn lọ tó ń ṣàn bọ̀. Mo fẹ́ mọ̀ dájú. Ní ìrọ̀lẹ́, mo rin ọ̀nà yẹn kan náà fúnra mi. Wọn ò mira.

Nígbà tí mo padà dé, Ìyá dúró sínú omi tó mù wọ́n dé kókósẹ̀. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀, wọn ò pariwo, bí ẹni ń pe ọmọ wá jẹun. "Waris." Ìró òjò náà dáwọ́ dúró. Gbogbo etíkun dákẹ́ débi pé mo gbọ́ ikọ́ Miriam láti inú yàrá. Lẹ́yìn náà ló tún bẹ̀rẹ̀.

Àtàláátà, 30 oṣù Keje

Òjò gidi. Gààrí ti tún gun òkè ní Ìwopin, epo ọkọ̀ náà ti gbówó lórí. Kò sí ọkọ̀ tó lọ sókun láti àgọ́ wa láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Àwọn oníṣòwò tó ń ti Ìjẹ̀bú-Igbó wá kó ẹja wá lánàá, wọ́n bá agbọ̀n òfìfo. Ọ̀kan lára wọn nawọ́ sí omi, ó ní kí ni ti ibẹ̀ yẹn ṣe.

Àlàmísì, 1 oṣù Kẹjọ

Adéṣínà da àwọ̀n lónìí. Ó kọ́kọ́ wá bá Ìyá, ó kúnlẹ̀, ó ní ìyàwó òun ń bi òun pé ṣé àwọn ọmọ á máa wo ẹja lójú omi kí wọ́n sì máa mu gààrí lásán ni. Ìyá ní kì í ṣe àwọn ló ni òkun.

Ó wa ọkọ̀ rẹ̀ wọ àárín wọn. Wọn ò sá fún un, wọ́n kàn yà sọ́tùn-ún yà sósì fún ọkọ̀, wọ́n sì tún pa dé lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó ń fa àwọ̀n, ohun kan dì í mú nísàlẹ̀, ohun tó wúwo. Ó fà á títí ìdajì àwọ̀n fi ya. Ìdajì tó kù kún fún ṣàwá.

Ó dà wọ́n sórí yanrìn, gbogbo wa sì sún sẹ́yìn. Bí a bá da ṣàwá sílẹ̀, ó máa ń ta, ìró rẹ̀ a dà bí àtẹ́wọ́ ní ilé ìkómọ. Àwọn wọ̀nyí ò ta. Kì í ṣe pé wọ́n kú, ẹnu wọn ń là, ó ń pa dé. Wọ́n kàn sùn sílẹ̀ jẹ́ẹ́, orí gbogbo wọn sì kọ sí òkun. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ òkìtì náà kọ síbẹ̀.

Ìyàwó Adéṣínà gbé abọ́ tó mú wá, ó wọlé lọ. Adéṣínà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó wọn padà sómi, ó ń bù wọ́n bí ẹni ń bu omi. Wọ́n lúwẹ̀ẹ́ lọ bá ìyókù.

Sátidé, 3 oṣù Kẹjọ

Mo gun orí òkìtì yanrìn tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wọlé, mo pe Abímbọ́lá. Akẹ́kọ̀ọ́ ni, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi ní Àgọ́-Ìwòyè ló ń gbé, òun ló sì ń bá mi tajà níbẹ̀ títí n ó fi dé. Ẹ̀kọ́ nípa ẹja ló ń kọ́ ní yunifásítì. Ó ní ṣàwá yíyan ti tán, àwọn èèyàn ń béèrè. Mo sọ gbogbo ohun tí ojú mi rí fún un.

Ó ní ẹja kéékèèké bẹ́ẹ̀ kì í fẹ́ràn omi gbayawu, ẹ̀rù ẹja ńlá ń bà wọ́n. Bí igi bá ń léfòó, tàbí bí àwọ̀n kan bá sọnù sómi, wọn a máa péjọ sí i lára bí ẹni ya ilé òjò.

Mo ní, "Àwọ̀n?"

Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Ṣùgbọ́n wọn kì í pẹ́ tó báyẹn, Àǹtí. Wọn kì í sì í sún mọ́ ilẹ̀ tó báyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀ wálé."

Mo jókòó sórí òkìtì yẹn, mo ń wo dúdú tó wà lójú omi. Mo ti mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Sọ́ńdè, 4 oṣù Kẹjọ

Mo sọ fún Bashiru lẹ́yìn ààrò. Mo rò pé á yà á lẹ́nu. Ó ń fi ìka fa ilà sínú eérú, kò gbójú sókè.

Ó ní, "Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti mọ̀. Èmi ni mo ra àwọ̀n yẹn. Okùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi nígbà tó fi lọ́ mọ́ Waris lẹ́sẹ̀. Mo fà á, Ẹ̀gbọ́n mi, mo fà á títí okùn fi bó mi lọ́wọ́."

Ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ hàn mí. Egbò náà ò tíì jinná.

Ó ní bí Ìyá bá fi lè rí Waris bó ṣe máa rí báyìí, wọn ò ní bá òun sọ̀rọ̀ mọ́ láyé. Mo bu epo pa á lọ́wọ́.

Àtàláátà, 6 oṣù Kẹjọ

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ aṣọ tútù kúrò lọ́rùn ni.

Ọ̀sán gangan ni, oòrùn yọ díẹ̀. Mo ń fọ aṣọ lẹ́yìn ilé. Bí mo ṣe gbójú sókè, mo rí Miriam nínú òkun, omi ti mù ún dé àyà. Kò sáré, kò ké. Ó ń rìn lọ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń lọ sọ́jà. Mo já wọ omi. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àwọn ṣàwá ti yí i ká.

Wọ́n yí èmi náà ká. Wọ́n tutù. Wọ́n ń fi ẹnu kan ìtàn mi, ìbàdí mi, apá mi, wọn ò jẹ mí, wọ́n kàn ń fọwọ́ kàn mí bí afọ́jú ṣe ń fọwọ́ wo ojú èèyàn. Mo mọ̀ pé ẹja ò lọ́wọ́. Bó ṣe rí lára mi ni mo kọ yìí.

Miriam kọjú sí mi, ojú rẹ̀ mọ́ kedere. Ó ní, "Àǹtí mi, wọ́n mọ̀ mí. Ẹ wò ó, ikùn mi nìkan ni wọ́n ń kàn."

Òótọ́ ni. Wọ́n to ara wọn jọ sí iwájú ikùn rẹ̀, orí sí orí, wọn ò mira. Mo gbá a mú lábẹ́ apá, mo ń wọ́ ọ padà, ìgbì sì ń gbé wa lẹ́sẹ̀. N kì bá tí lè dá a ṣe bí kì í bá ṣe Bashiru. Bashiru, tí kò tíì fi ẹsẹ̀ kan omi láti ọjọ́ yẹn, ló wọlé wá bá wa. Ó gbé ìyàwó àbúrò rẹ̀ sórí apá méjèèjì títí dé yanrìn.

Ìyá bo Miriam lórí, wọ́n ń gbá a lẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Wọn ò wo Bashiru. Ṣùgbọ́n Bashiru ò padà sẹ́yìn ààrò. Pẹ̀lú aṣọ tútù lọ́rùn rẹ̀ ló lọ sí ilé Adéṣínà.

Àlàrùba, 7 oṣù Kẹjọ

A ti rí Waris.

Ọkọ̀ Adéṣínà ni wọ́n gbé lọ láàárọ̀, òun àti Bashiru. Mo bẹ̀ wọ́n kí n tẹ̀lé wọn, nítorí pé mi ò fẹ́ kí Bashiru nìkan jẹ́ ẹ̀jẹ̀ wa tó máa rí i. Kùrukùru pọ̀. Bí a ṣe wọ àárín àwọn ẹja náà, Adéṣínà pa ẹ́ńjìnnì. Ìró òjò yẹn yí wa ká lọ́tùn-ún lósì, bẹ́ẹ̀ ni ara wa gbẹ.

Bashiru ju ìdákọ̀ró sísàlẹ̀, ó fà á, ó tún jù ú. Ó mú nǹkan. Wọ́n fà á pọ̀. Ewé òkun ló kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà àwọ̀n. Bashiru mọ àwọ̀n rẹ̀. Ó rọra ń kó o wọ inú ọkọ̀, ó ń bá a sọ̀rọ̀, "Rọra, àbúrò mi, rọra," bí ẹni ń gbé ọmọ tó sùn.

Kóòtù òjò aláwọ̀ ìyeyè ni mo fi mọ̀ ọ́n. Ìyókù, mi ò ní kọ ọ́. Ohun kan ni mo fẹ́ kọ: àwọn ẹja òkun máa ń jẹ òkú, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Waris fi wà nínú omi. Kò sí ohun tó jẹ ojú rẹ̀.

Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lójú omi, ìró òjò náà dáwọ́ dúró. Mo wo ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Gbogbo ṣàwá ti kọ orí sí agbami. Wọ́n lọ, kì í ṣe bí ẹni ń sá. Omi funfun padà.

Ìyá ti dúró létíkun. Bashiru sọ̀ kalẹ̀, ó dúró sí ẹ̀yìn ọkọ̀, ó fi ojú pamọ́. Ìyá ṣí kóòtù náà fúnra wọn. Wọ́n wò ó. Wọ́n ní, "Òun ni. Mo ti rí i. Ẹ pe Alfa."

Alfa ní ara Waris kì í ṣe èyí tí a lè fi omi wẹ̀ mọ́, yanrìn ni wọ́n fi ṣe ètò rẹ̀. A sin ín kí oòrùn tó wọ̀, lábẹ́ igi àgbọn, níbi tí ìgbì ò ti lè dé. Àwọn ọkùnrin tó tò láti kírun sí i pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ, àwọn kan wá láti Makun. Miriam sunkún fún ìgbà àkọ́kọ́.

Sátidé, 10 oṣù Kẹjọ

Òkun ṣófo. Àwọn ẹyẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú ẹja lókèèrè. Oorun sì ń kùn mí lọ́sàn-án, mi ò mọ̀ pé ara mi ti rẹ̀ tó báyìí.

Ìyá jẹ ẹ̀kọ. Wọ́n gbé ìdajì fún Miriam. Nígbà tí Bashiru kí wọn, wọ́n mi orí. Wọn ò sọ̀rọ̀.

Sọ́ńdè, 18 oṣù Kẹjọ

Àwọn ọkọ̀ ti ń lọ sókun padà. Ṣàwá pọ̀, ó ń ta lórí yanrìn bó ṣe yẹ kó máa ta, àwọn obìnrin ń yan án, èéfín gba gbogbo àgọ́. Àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀bú-Igbó ń dúnàádúrà. Abímbọ́lá ní òjò ti ń wọ ṣọ́ọ̀bù, kí n máa bọ̀. Mo ní kí ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan sí i.

Ọkọ̀ Bashiru ṣì dà dé sórí yanrìn. Ó ní òun ń wá ẹni tó máa rà á. Ó ní òun á lọ máa gun ọ̀kadà ní Mámù.

Àtìní, 26 oṣù Kẹjọ

Ọ̀la ni mo fẹ́ máa lọ. Mo ti di ẹrù mi tán láàárọ̀ nígbà tí ọkọ̀ kan gúnlẹ̀ láti àgọ́ tó wà lápá ìlà-oòrùn. Ọkùnrin àgbàlagbà kan ló sọ̀ kalẹ̀. Ó kí wa kú ìrójú, ó sì jókòó, ṣùgbọ́n kò fẹ́ mu omi.

Ó ní ṣàwá ti dúró níwájú àgọ́ tàwọn láti ìjẹta. Wọn ò lọ, wọn ò bọ̀. Àwọn ẹyẹ jókòó tì wọ́n. Ó ní àwọn ti lọ láti ojúlé dé ojúlé, àwọn ti pe orúkọ gbogbo èèyàn, títí dé àwọn tó wà ní Ìwopin àti Èkó, àwọn sì gbọ́ ohùn gbogbo wọn.

Ó ní, "Kò sí ẹni tó dín nínú wa. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù fi ń bà wá. Kò sí ẹni tó fẹ́ lọ wo ohun tí kì í ṣe tiwa."

Miriam fi ọwọ́ di ikùn mú. Bashiru ń wo ilẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ìyá ló dìde. Wọ́n so ìró wọn le. "Ọmọ ẹnì kan ni," wọ́n ní. "Bí kò bá jẹ́ tiyín, ìyá kan ṣì jókòó síbì kan tó ń wojú omi."

Wọ́n wá kọjú sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. "Bashiru. Gbé ọkọ̀ rẹ sómi, kí o lọ bá wọn gbé e. Ìwọ lo mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e tí kò fi ní dùn ún."

Bashiru ò mira. Mo rò pé kò gbọ́, tàbí pé ó gbọ́ tí kò sì gbà á gbọ́. Ìyá rìn lọ bá a, wọ́n gbé ọwọ́ lé e lórí.

"Bashiru, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

Ó ní, "Mo gbọ́, Ìyá mi."

Adéṣínà gbé ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ wá fún wa. Gbogbo wa la jọ yí ọkọ̀ náà dúró, àti Ìyá àti ọkùnrin àgbàlagbà náà, a sì tì í wọ omi. Mo tú ẹrù mi.